Gbogbo yàrá ló ní ẹni tó ni ín, àfi òrùlé

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sanwó iṣẹ́ ọwọ́ fún mi, ara ilé bàbá bàbá mi ni mo sì ti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. 1991 nìyẹn, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè-Ajé, irú àwọn tá à ń pè ní átíìsì nígbà yẹn, tó ń kọ "Ayé ò lópin" sára tírélà, tó ń ya orí obìnrin onírun gígùn síwájú ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Bàbá Ìsàlẹ̀ (kì í ṣe oyè o, yàrá ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ń gbé la ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, àbúrò bàbá mi ni wọ́n) gbọ́ pé àwọn kan ti ń mú èèyàn wá wo ilé wa lọ́sàn-án gangan, pé wọ́n fẹ́ tà á mọ́ wa lórí, ni wọ́n bá ní kí n gbé búrọ́ọ̀ṣì wá, kí n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ilé: ILE YI KI SE TITA. Mo ní ṣé ká má fi tòyìnbó kún un ni, wọ́n ní ṣé òyìnbó ló fẹ́ rà á ni.

Mi ò wọn ògiri kí n tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Mo kọ ILE YI bí ẹni tó ń kọ ọ́ kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú lè kà á, mo kọ KI SE gba abẹ́ bákónì kọjá, ìgbà tí mo máa dé TITA ògiri ti tán, A tó kẹ́yìn ní láti gun orí pákó fèrèsé. Ọ̀dà gílọ́ọ̀sì dúdú. Bàbá Ìsàlẹ̀ bọ́ sójú títì, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní kò burú, pé olè ò ní dúró wọn lẹ́tà. Ogún náírà ni wọ́n fún mi, àti abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kan tí ẹja inú ẹ̀ fẹ́ pọ̀ ju ewùrà lọ.

Mo ń sọ èyí torí àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ayàwòrán ṣe di ẹni tó ń tún ilé kọ́, bíi pé mo ti ibì kan já sí ibòmíràn. Ara ògiri yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kàn lọ jìnnà kí n tó padà débẹ̀ ni, ó sì gbà mí ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ilé yẹn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, 1936 ni wọ́n kọ síwájú orí ẹ̀ láàárín òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe. Bàbá wa àgbà ń kó aṣọ àti iyọ̀ láti Èjìnrìn, ọjà etí ọ̀sà tí ọkọ̀ ojú omi ń ti Èkó wá ná kó tó di pé ọ̀nà mọ́tò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, wọ́n tún wá fi kòkó kún un, nígbà tí owó dé wọ́n kọ́lé. Nǹkan kan wà nínú ìtàn Ìjẹ̀bú tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ìlú tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó gbọn-in-gbọn-in, tó jẹ́ pé ogun Ìmàgbọn ní 1892 ni wọ́n fi já a ṣí, kò tó àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo olówó ibẹ̀ ló fẹ́ kọ́lé bíi ti Bràsíìlì. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú ibẹ̀ padà sí Èkó, ló kó ọnà yẹn dé, òpó roboto, fèrèsé tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lórí, àwọn bíríkìlà tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn ló sì ń gbé e kiri. Ẹni tó bá ti rí ilé Ọlọ́runṣògo ti Balógun Kúkù á ti mọ irú ilé tí mò ń sọ, ẹ ṣáà sọ ọ́ di kékeré, kí ẹ yọ gbogbo ọlá yẹn kúrò, kí ẹ fi ewúrẹ́ méjì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Lójú, ẹ ó rò pé ilé sìmẹ́ǹtì ni. Irọ́ ni. Amọ̀ pupa ni ògiri yẹn látòkè délẹ̀, awọ ara ẹ̀ nìkan ni sìmẹ́ǹtì. Sìmẹ́ǹtì wọ́n nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti òkè òkun, ọdún 1957 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ní Nkalagu, 1960 kí Ẹwékorò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí níbẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti wá.

Wàhálà kejì ni pé ìyàwó mẹ́rin ni bàbá wa àgbà fẹ́. Nígbà tí wọ́n kú, ìdí igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀ jẹ́ ìdí kan, wọ́n pín yàrá sí mẹ́rin, kò sì sí ìjà. Wọ́n pín yàrá, wọ́n pín igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n tiẹ̀ pín àga. Kò sẹ́ni tó pín òrùlé. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pín in? Torí náà ó di pé gbogbo yàrá ló ní ẹni tó ni ín, òrùlé nìkan ni ò lẹ́ni. Nígbà tí páànù jò sí yàrá ìdí kẹta lókè, wọ́n gbé abọ́ tánganran kan síbẹ̀, abọ́ funfun tó ní etí búlúù, wọ́n ní kí wọ́n ṣì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ìpàdé ẹbí. Mo bá abọ́ yẹn níbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo padà ní 2018. Omi ti fi ìpata ya òrùka méje sínú ẹ̀, bí ọjọ́ orí igi, ẹni tó bá ṣáà ń kọjá lọ ló ń bá wọn dà á nù, ó ti di iṣẹ́ ilé bíi kéèyàn gbálẹ̀.

Lára ohun tó sì ń dùn mí ni pé èmi ni mo kọ ILE YI KI SE TITA. Ohun tí mo kọ ṣiṣẹ́ o, kò sẹ́ni tó tà á. Òfin náà ò kúkú gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé ẹbí tà láìjẹ́ pé olórí ẹbí àtàwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Àmọ́ gbogbo wa wá sinmi lé e, bíi pé ilé tí wọn ò bá ti lè tà ti bọ́ nínú ewu nìyẹn. Òjò ò mọ̀wé kà.

Kí n sáré gba ti ìrìn àjò mi kọjá. Bàbá mi ní iṣẹ́ átíìsì kì í ṣe iṣẹ́, mo lọ kọ́ ìṣirò owó ní pólì, ọdún méjì, mi ò lè sọ ohun tí mo kọ́ níbẹ̀. Mo sá lọ sí Òṣogbo ní 1998. Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, òyìnbó ayàwòrán tó di olórìṣà) ṣì wà láyé nígbà yẹn nínú ilé wọn tó wà ní ọ̀nà Ìbòkun, òun náà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bràsíìlì, mo máa ń gba iwájú ẹ̀ kọjá, mo máa ń wo òpó rẹ̀, ilé á sì sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ère ni mo wà, iṣẹ́ mi ni kí n po amọ̀, kí n gbé omi, kí n tẹ waya. Ọdún márùn-ún. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi bo amọ̀ á sán tó bá yá, á ṣí bí èèpo ẹyin, mo rí i lójoojúmọ́, mi ò sì bi ara mi léèrè ìdí.

Lẹ́yìn ìyẹn Èkó. Mò ń kun sẹ́ẹ̀tì fún àwọn onífíìmù, mò ń ya àwòrán tèmi lóru, gálárì máa ń gbé e kọ́, ẹnikẹ́ni kì í rà á. (Ẹnì kan rà á rí. Ó ní àwọ̀ ẹ̀ bá àga pálọ̀ òun mu.) Ní 2009 mo kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo fọ ọ́fíìsì, mo tọ́jú arúgbó, mo wá bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin ará Poland kan tó ń rẹ́ àwọn ilé àtijọ́, ó nílò ẹni tó máa po nǹkan fún un. Èmi tí mo ti po amọ̀ fún ọdún márùn-ún! Kì í lo sìmẹ́ǹtì rárá, láìmù ló ń lò (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń fi òkúta ṣe, kì í ṣe ọsàn o). Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé, ó gbé tírówẹ̀lì kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ mi lé ògiri kan tí ẹlòmíì ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, ògiri yẹn tutù bí ẹ̀kọ àárọ̀. Ògiri àtijọ́ ń mu omi láti ilẹ̀, ó sì ń làágùn ún jáde, tó o bá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, òógùn yẹn ò ríbi gbà, inú ló máa bà sí. Mo dúró síbẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni yàrá ìyá àgbà mi, ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀ lápá bẹ́ẹ̀dì, tó máa ń rọ̀, tá a máa ń fi èékánná họ nígbà tá a wà lọ́mọdé.

Oṣù Kẹsàn-án 2016, ó ku díẹ̀ ká ṣe Iléyá, mo wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí fọ́tò dé sórí fóònù mi. Ilọ́jọ Bar ní Èkó, tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ láti 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, wọ́n ti wó o. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tó gbayì jù nílùú yẹn, ó ti di òkìtì. Tí ilé tó ní ìwé ìjọba lọ́wọ́ bá lè lọ báyẹn, kí ni ọ̀dà gílọ́ọ̀sì mi fẹ́ ṣe?

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì o, ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ọdún méjì ni mo fi kó owó jọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó takò mí ni bọ̀dá mi kan láti ìdí kìíní. Wọ́n fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà àti ilé àlejò, torí lọ́dọọdún nígbà Ojúde Ọba kò sí yàrá tó ṣẹ́ kù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ Lọ́ńdọ̀nù dé lẹ mọ̀ pé ilé àtijọ́ lẹ́wà. Èmi ni mo ń sùn níbẹ̀. Ní 2004 ejò já bọ́ lé mi láyà láti àjà." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí ìyẹn? Mi ò tíì rí èsì ẹ̀ títí dòní. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa owó náà, ilé tí kò lè bọ́ ara ẹ̀ á jẹ àwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Mo wá rántí pé ìsàlẹ̀ iwájú ilé yẹn, ṣọ́ọ̀bù ni bàbá wa àgbà fi ṣe, ilẹ̀kùn pákó méjì tó kọjú sí títì ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí lẹ́yìn ikú wọn. A tún un já. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta gààrí báyìí, ìkejì wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, bọ̀dá mi ló ń gba owó ẹ̀ fún ẹbí, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ju bánkì lọ.

Ti òrùlé ló le. Ọ̀rọ̀ ò yanjú nípàdé, ìpàdé mẹ́ta, mínírà la kàn mu. Mo wá yàwòrán. Mo ya ilé náà bó ṣe rí látiwájú àti látẹ̀yìn, mo kun yàrá ìdí kìíní ní àwọ̀ ewé, ìdí kejì (tiwa) ní pupa, ìkẹta ní búlúù, ìkẹrin ní ìyeyè, mo fi òrùlé sílẹ̀ láìkùn, bébà funfun lásán. Mo jù ú sórí WhatsApp ẹbí láìkọ nǹkan kan sí i. Wákàtí méjì, kò sẹ́ni tó fèsì. Àǹtí mi tó wà ní Houston ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Kí ló dé tó ò kun òkè?" Ẹnì kan ní ìdí kẹta ní, "Torí kò sẹ́ni tó ni ín." Ilé dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú gbogbo àwòrán tí mo ti yà láyé mi, òun nìkan ló kó owó gidi wá, wọn ò sì gbé e kọ́ síbì kankan.

Ìdí mẹ́ta ló san. Mi ò ní sọ ìdí tí kò san, wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì wà lábẹ́ páànù kan náà pẹ̀lú wa.

Nígbà tí òrùlé gbẹ, a wá kọjú sí ògiri. A gé sìmẹ́ǹtì tó ti sán kúrò, amọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ tutù débi pé ìka mi wọlé títí dé oríkèé kejì. Ikán ti jẹ pákó àjà tán, àtẹ̀gùn nìkan ni wọn ò rí jẹ torí ìrókò ni. Mò ń wá láìmù. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ta ló ń ta láìmù? Àwọn tó ń sin ẹja! Mo lọ sí abúlé ẹja ní Eriwe, mo ra báàgì mẹ́wàá, inú mi dùn, mo rẹ́ odindi yàrá kan. Lọ́jọ́ karùn-ún gbogbo ẹ̀ wó lulẹ̀ bí èérú. Ẹ̀bi mi ni, mi ò béèrè. Oríṣi méjì ni láìmù tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò, ọ̀kan kàn jẹ́ òkúta tí wọ́n lọ̀ kúná, kò lè mú nǹkan kan, ìkejì ni èyí tí wọ́n ti sun níná kí wọ́n tó bomi rẹ ẹ́, òun ló ń jóni lọ́wọ́, òun ló ń di òkúta padà. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o, èmi tí mo ti lò ó ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ níbẹ̀ ẹlòmíì ló ń bá mi rà á.

Èyí tó dáa la wá rẹ sínú dúrọ́ọ̀mù, omi bò ó, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láìmù kan, yanrìn mẹ́ta, kí a wọ́n omi sí ògiri kó tó gbà á, kí a fi àpò tútù bò ó lẹ́yìn náà kó má baà yá gbẹ. Bíríkìlà mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó mọṣẹ́ dáadáa tó sì ń fi mí ṣẹ̀sín dáadáa, ní, "Àǹtí, sìmẹ́ǹtì á gbẹ lónìí. Tiyín á gbẹ bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ní 2024 tí owó sìmẹ́ǹtì ń fò lójoojúmọ́ ló dákẹ́ ẹnu. Ó wá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri láràárọ̀ bí ẹni ń wo ibà ọmọ.

Ibi tí mo ti gbádùn iṣẹ́ náà jù ni àwọn òdòdó orí fèrèsé. Méjìlá ló yẹ kó wà, méje ló kù. Mo fi amọ̀ tútù tẹ ojú wọn, mo jẹ́ kó gbẹ, mo da láìmù àti yanrìn sínú ẹ̀. Ìgbà tí mo ń fọ àwọn méje yẹn ni mo rí i pé mẹ́fà ní ewé márùn-ún, ọ̀kan ní ewé mẹ́fà, èyí tó wà lórí fèrèsé ìyá àgbà mi. Bóyá àṣìṣe bíríkìlà ni, bóyá ọmọ iṣẹ́ kan ni wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún, tí kò wọn ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú márùn-ún tuntun tí mo dà, mo ṣe ọ̀kan ní ewé mẹ́fà.

A fẹ́ kí iwájú ilé funfun kó tó di Iléyá 2025, torí láti ìgbà tí gbogbo ayé ti ń pín fọ́tò àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ní 2024, àlejò ti pọ̀, ojú títì ti di pápá. Sìmẹ́ǹtì iwájú ṣì le, a ò gé e, mo kàn po láìmù lọ́rọ̀ omi, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó funfun bí ẹfun. ILE YI KI SE TITA wọlé sábẹ́ ẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé ó dùn mí díẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbé àga síwájú ilé, wọ́n ní ó jọ ìgbà tí àwọn wà lọ́mọdé.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé láìmù kì í lẹ̀ mọ́ gílọ́ọ̀sì. Òjò oṣù Kẹfà dé, ó lu òsì, ó lu ọ̀tún, abẹ́ bákónì láàárín nìkan ni kò dé. Mo sùn, mo jí, ọkùnrin kan tó gbé ìwé sábẹ́ abíyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ìsàlẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀ sà, pé èló ni? Mo bọ́ síta, mo wòkè. ILE YI ti yọ padà lápá òsì, dúdú kirikiri. KI SE ṣì wà lábẹ́ láìmù. Lápá ọ̀tún, TITA, pẹ̀lú A orí fèrèsé.

Bàbá Ìsàlẹ̀ ò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló kọ síbẹ̀?"

Mo kà á fún wọn bó ṣe wà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Wọ́n wá kọjú sí ọkùnrin náà, wọ́n ní, "Èló lo mú wá ná?" Ìjẹ̀bú ni wọ́n kúkú.

Mo wọlé lọ wá àkàbà.